Ààlà Kì í Dá Ara Rẹ̀ Ṣọ́

Ẹni tí ó bá dé Kétu yóò rí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ tí ó wà lára odi ìlú, pẹ̀lú yàrà tí a gbẹ́ yí i ká. Àwọn baba wa mọ odi, wọ́n gbẹ́ yàrà, síbẹ̀ wọn kò fi ìlú lé odi àti yàrà nìkan lọ́wọ́. Wọ́n fi oníbodè sí ẹnu ọ̀nà. Ó yé wọn pé ààlà kì í dá ara rẹ̀ ṣọ́. Ẹ̀kọ́ yìí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbàgbé nípa ilẹ̀ tí a ní sí ibi tí a kò gbé.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń rí. Ọmọ Ṣábẹ̀ tàbí ọmọ Pọ́bẹ̀ kan ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu. Ó jogún ilẹ̀ lọ́dọ̀ baba rẹ̀, tàbí ó fi owó tí ó ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ rà á. Ó ń retí ọjọ́ tí yóò kọ́lé síbẹ̀. Ní ọdún kìíní tí kò débẹ̀, àwọn ènìyàn sọ ibẹ̀ di ọ̀nà àbùjá, kò sí ẹni tí ó bi wọ́n léèrè. Ní ọdún kejì, wọ́n gé igi tíìkì méjì, wọ́n da ìdọ̀tí síbẹ̀, àwọn oníyanrìn sì wá gbẹ́ ihò. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀. Ní ọdún kẹta, òkúta ààlà tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ rì mọ́lẹ̀ di àwátì, ẹnìkan sì ti kó búlọ́ọ̀kù síbẹ̀, ó ní òun ti ra ilẹ̀ náà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. A kì í gba ilẹ̀ ẹni lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dán ẹni tí ó ni ín wò, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń gbà bí èsì.

Àwọn àgbà kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Pẹ̀rẹ̀gún ni wọ́n ń gbìn sí ààlà, nítorí pé kì í tètè kú. Bí a bá gé e, yóò tún rúwé. Wọ́n a sì máa fi ààlè kọ́: àkísà pupa, ṣùkù àgbàdo tàbí ìkarahun ìgbín, láti kìlọ̀ fún ẹni tí ń kọjá pé ohun tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe aláìlólúwa. Ọmọ abúlé rí ààlè, ó mọ ohun tí ó ń sọ, ó sì yà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá ra ilẹ̀ lónìí lè máà mọ ààlè, ó sì lè máà mọ ìdí tí pẹ̀rẹ̀gún fi tò lẹ́sẹẹsẹ. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà. Ààlà tí kò sí níbòmíràn bí kò ṣe nínú iyè àgbà kan ṣoṣo, yóò bá àgbà náà wọ inú ibojì.

Ìdí nìyí tí òfin ilẹ̀ orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ fi kàn wá. A ṣe é ní ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013, a sì ṣe àtúnṣe sí i ní ọdún 2017. Òun ni ó dá ANDF sílẹ̀, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀, tí ó sì ní kí ìgbìmọ̀ ilẹ̀ wà ní kọ́múnù, kí ẹ̀ka rẹ̀ tí à ń pè ní SVGF sì wà ní abúlé. Ilẹ̀ ìdílé lè gba attestation de détention coutumière, ìwé tí ó ń jẹ́rìí pé ọwọ́ ìdílé náà ni ilẹ̀ wà gẹ́gẹ́ bí àṣà. Ṣùgbọ́n titre foncier ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ jù lọ. Ìwé tí olùtà àti olùrà jọ fọwọ́ sí kò bá a dọ́gba. Òfin kan náà fi ọkùnrin àti obìnrin sí ipò kan náà lórí ẹ̀tọ́ sí ilẹ̀.

Síbẹ̀, ìwé inú àpótí kò lè rí olè. Ojú ènìyàn ni ó ń rí i. Nítorí náà, ẹ wá aládùúgbò kan tí yóò máa bá yín wo ibẹ̀. Ẹ lè jẹ́ kí ó gbin àgbàdo tàbí ẹ̀wà, ṣùgbọ́n kí ó má gbin igi, nítorí pé nínú àṣà wa ẹni tí ó gbin igi dà bí ẹni tí ó ni ilẹ̀. Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀ lójú olórí abúlé àti àwọn ẹlẹ́rìí: orúkọ, ààlà, irúgbìn, àti ìgbà tí yóò parí. Ilẹ̀ tí baba yá ọ̀rẹ́ rẹ̀ láìsí ìwé máa ń di ẹjọ́ láàárín àwọn ọmọ wọn.

Kí ọyẹ́ tó dé, ẹ ro etí ààlà yíká, kí iná ìgbẹ́ má baà rí ọ̀nà wọlé, kí gbogbo ayé sì rí i pé ẹni tí ó ni ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀. Ẹ ka àwọn òkúta ààlà, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán wọn. Bí ẹ bá rí àpẹẹrẹ ìwọlé láìgbàṣẹ, ẹ má ṣe mú àdá lọ. Ẹ lọ sọ fún olórí abúlé àti SVGF kíákíá. Bí wọ́n bá ti gé igi tàbí tí wọ́n hú òkúta ààlà, ẹ fi tó Police républicaine létí, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà ìwé ẹ̀sùn yín.

Nínú kíláàsì àwọn àgbà tí à ń kọ́ ní kíkà àti kíkọ Yorùbá, mo máa ń sọ pé ẹni tí ó tẹ ìka sí ìwé Faransé tí a kò túmọ̀ fún un ti ṣí ẹnubodè sílẹ̀ fún àjèjì. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ẹ fọkàn tán kà á fún yín ní èdè tí ó yé yín. Kí oṣù yìí sì tó parí, ẹ bẹ àgbà ilé yín kí ó mú yín rìn yí ilẹ̀ náà ká. Ẹ mú ọ̀dọ́ kan dání, lọ́kùnrin tàbí lóbìnrin, kí ó máa kọ ohun tí àgbà náà ń sọ sílẹ̀.