Ọ̀ràn Apẹ̀rẹ̀ Tòmátì

Ẹni tí ó bá mọ ọjà Mile 12 mọ apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Láti Òkè Ọya ni ọkọ̀ akẹ́rù ti ń kó o wá, kí ó sì tó dé Kétu, èyí tí ó wà nísàlẹ̀ a ti máa ṣomi. Ìdí ọjà yìí ni ìyá ọ̀pọ̀ ọmọ tí mò ń kọ́ ti ń jẹun. Nítorí náà ni mo ṣe gbé ọ̀ràn kan síwájú ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ilé-ìwé wa.

Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe ti dìbéètì. Ní dìbéètì, tíṣà ni yóò sọ ìhà tí ìwọ yóò gbè, bí o kò tilẹ̀ gbà á gbọ́. (Èmi náà ti fi ẹnu dídùn borí òtítọ́ rí, nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́.) Nínú èyí, ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ ni ìwọ yóò sọ, ìwọ yóò sì dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀. Bí ẹ̀yin àti àwọn tí ẹ jọ ń díje bá fohùn ṣọ̀kan, kò burú. Bí ẹ ti ro ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ tó ni àwọn adájọ́ ń wò. Ọ̀gbẹ́ni Robert Ladenson ni ó dá irú ìdíje yìí sílẹ̀ ní 1993, ní Illinois Institute of Technology ní Chicago, wọ́n sì ń pè é ní Ethics Bowl. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òyìnbó ni ó kọ́ wa ní irú iyàn bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ní Áfíríkà ti ń pa àlọ́ tí olùgbọ́ fúnra rẹ̀ yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. William Bascom, tí ó ṣe ìwádìí ní Ifẹ̀ ní 1937 sí 1938, kó irú wọn jọ sínú ìwé ní 1975.

Ọ̀ràn tiwa nìyí. Ọmọ kan ń bá ìyá rẹ̀ tajà. Ìyá to èyí tí ó dára sójú apẹ̀rẹ̀, ó fi èyí tí ó ti rọ̀ sísàlẹ̀. Oníbàárà bi ọmọ náà pé, “Ọmọ mi, ṣé bákan náà ni ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí?” Kí ni kí ó wí?

Ọmọkùnrin kan fò dìde: kí ó sọ òtítọ́! Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọbìnrin kan, tí ìyá rẹ̀ ní ìsọ̀ lọ́jà náà, kò pàtẹ́wọ́.

Ó ní, “Ta ni yóò wá san owó ilé-ìwé rẹ̀?”

Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni alágbàtà ṣe tà á fún ìyá òun, kò sì jẹ́ kí ó tú apẹ̀rẹ̀ wò. Ẹlòmíràn ní kí ọmọ náà sáà wí pé, “Ẹ bi màmá mi.” Ọmọbìnrin yìí dáhùn pé oníbàárà kì í ṣe òmùgọ̀, ó ti gbọ́ èsì nìyẹn.

A jiyàn títí ọlọ́dẹ fi wá ti géètì. Púpọ̀ nínú wọn gbà pé kí ìyá ya èyí tí ó rọ̀ sọ́tọ̀, kí ó tà á ní ẹ̀dínwó, bí àwọn kan ti ń ṣe lọ́jà náà. Ọmọbìnrin náà mú ṣọ́ọ̀kì, ó ṣírò àdánù rẹ̀ sójú pátákó, kò sì kéré.

Ní ọjọ́ Ajé, ó wá bá mi pé òun ti bi ìyá òun léèrè. Ìyá ní kí tíṣà wá sí ìsọ̀ òun wá sọ tẹnu rẹ̀. Ọ̀la ni mò ń lọ.