Agbégilódò àti Àwọn Tí Ń Bẹ Lórí Rẹ̀

Kò sí ẹni tí ń gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 1978, tí kò mọ agbégilódò. Láti igbó Ìjẹ̀bú àti Oǹdó ni wọ́n ti ń kó gẹdú, tí wọ́n ń gba Ṣágámù, Mowé àti Ìbàfò lọ sí sọ́míìlì ní Èkó. Àwọn mìíràn ń gba ọ̀nà Abẹ́òkúta, wọ́n ń kọjá ní Ifọ̀. Bí ọ̀kan bá ṣubú, eré àsápajúdé ni gbogbo ènìyàn máa ń dá lẹ́bi. Eré wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, inú igbó tí wọ́n ti di ẹrù ni ìjàǹbá náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Gẹdú tútù tí ó fẹ̀ tó mítà 1, tí ó sì gùn tó mítà 4, lè wọn nǹkan bí tọ́ọ̀nù 3, nítorí omi inú rẹ̀. Ó rí róbótó, kò ní ìdí tí yóò fi jókòó. Bí wọ́n bá tò ó ga ju òpó ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ, ṣéènì nìkan ni ó kù tí ń dì í mú. Bí awakọ̀ bá dé kọ́nà, tàbí tí ó yà fún kòtò lójijì, ẹrù òkè yóò fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí eré rẹ̀ bá sì di ìlọ́po 2 ní kọ́nà kan náà, agbára tí ń tì í sí ẹ̀gbẹ́ yóò di ìlọ́po 4.

Àwọn ọmọ ọkọ̀ tí ń jókòó sórí igi ni ó máa ń kọ́kọ́ bá ẹrù lọ. (Ẹ wo orúkọ ọkọ̀ náà: igi ni ó dá, kò dá ènìyàn.) Níbi tí wọ́n ti ń já ẹrù pàápàá, ẹni tí ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń tú ṣéènì ni igi ń yí lù.

Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé òṣìṣẹ́ ojúmọ́ kò ní ẹ̀tọ́ kankan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó farapa, ti ọdún 2010, èyí tí NSITF ń bójú tó, ka ọmọṣẹ́, òṣìṣẹ́ ojúmọ́ àti ẹni tí a fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán gbà síṣẹ́ mọ́ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó farapa, tàbí ẹbí ẹni tí ó kú, gbọ́dọ̀ sọ fún ọ̀gá láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀gá yóò sì fi tó NSITF létí láàárín ọjọ́ 7. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ òfin náà. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá ní yunifásítì lè túmọ̀ apá tí ó sọ nípa ọjọ́ 14 yìí, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn sọ́míìlì. Kò ju ojú ìwé kan lọ.