Ẹsẹ̀ Ni Ọkọ̀ Àkọ́kọ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wíwọ̀ ni mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ lè bi mí pé, kí ni ó kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀? Ó kàn mí gidigidi, nítorí pé ìjókòó àjókòópẹ́ wà lára ohun tí ó ń sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di ẹni tí ń wá sí dìsípẹ́ńsárì wa.

Ẹ jẹ́ kí a wo baálé ilé kan tí ó ń gbé Àjàǹgbàdì, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gun ọ̀kadà láti ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ dé Òkòkòmáìkò. Ó wọ dáńfó, ó jókòó. Ó dé ibi iṣẹ́, ó jókòó. Ní ìrọ̀lẹ́, ó tún wọ ọkọ̀, ó tún jókòó, ó di ìtọ̀ mọ́ra, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú nínú bàtà. Nígbà tí ó bá délé ní alẹ́, yóò jẹ ẹ̀bà, yóò sì sùn tì í. Láti òwúrọ̀ di alẹ́, ìdí ni ó fi ṣiṣẹ́, kì í ṣe ẹsẹ̀. Irú wọn a máa wá bá mi pé, "Nọ́ọ̀sì, ara ń ro mí, ẹ gún mi ní abẹ́rẹ́." Èsì mi ni pé, "Bàbá, abẹ́rẹ́ kò lè bá ẹsẹ̀ yín ṣe iṣẹ́ rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní ọdún 1953, Dókítà J. N. Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ èrò alájà méjì ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Awakọ̀ a máa jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́; kọ́ńdọ́ a máa gun àtẹ̀gùn lọ sókè, a sì tún sọ̀ ká ilẹ̀, láti gba owó ọkọ̀. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀, ṣùgbọ́n àrùn ọkàn ń pa àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ́ńdọ́ lọ. Àwọn oníṣègùn mìíràn ti ṣe ìwádìí púpọ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n sì rí i pé ìrìn a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ ríru rọlẹ̀, a máa dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, a sì máa dín ewu àrùn rọpárọsẹ̀ kù. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí àgbàlagbà lo ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ lórí ìrìn kíákíá tàbí irú iṣẹ́ ara bẹ́ẹ̀. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójúmọ́, fún ọjọ́ márùn-ún, ti tó o.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń sa ipá lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ èrò. Ní oṣù kẹta ọdún 2008 ni ọkọ̀ BRT bẹ̀rẹ̀ sí ná Mile 12 sí CMS. Ní ọdún 2018, wọ́n gbé ìlànà kan jáde lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ológeere. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, rélùwéè tí ń lo iná mànàmáná bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láti Marina dé Mile 2, ìrìn kìlómítà 13. Ìpín kejì rẹ̀ ni yóò gbé e dé Òkòkòmáìkò, ẹnu ọ̀nà wa.

Ṣùgbọ́n rélùwéè kì í wọ inú àdúgbò wá gbé ènìyàn. Ẹni tí yóò wọ̀ ọ́ ní láti rìn dé ibùdókọ̀, kí ó sì tún rìn nígbà tí ó bá sọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni oògùn wà. Bí a bá gun ọ̀kadà láti ilé dé ìdí rélùwéè, a ti sọ ìdajì àǹfààní rẹ̀ nù.

Síbẹ̀, ìrìn tí ó yẹ kí ó wo ni sàn kò gbọdọ̀ pa ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí ọkọ̀ bá gbá ẹlẹ́sẹ̀ nígbà tí ó ń sá eré kìlómítà 65 ní wákàtí kan, ewu ikú ju ìlọ́po mẹ́rin ti kìlómítà 50 lọ. Nítorí náà, ẹ fi àwọn nǹkan wọ̀nyí sọ́kàn:

1. Ẹ fi díẹ̀díẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní òwúrọ̀, mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ tó fi kún un.

2. Níbi tí afárá ẹlẹ́sẹ̀ bá wà, orí rẹ̀ ni kí ẹ gbà. Ọrùn ọwọ́ ni kí ẹ ti di ọmọ mú, kì í ṣe ìka.

3. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ kọjú sí ọkọ̀ tí ń bọ̀. Ní alẹ́, ẹ wọ aṣọ funfun tàbí kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì.

4. Ẹ̀yin ìyá, ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, kí ẹ fi bàtà gogoro sínú báàgì. Kí ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ máa yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ wò lálaalẹ́.

5. Ẹ̀yin tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ yẹ bíréèkì wò, ẹ dé akoto, kí ẹ sì yàgò fún ọ̀nà márosẹ̀.

6. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí tí èémí kò já gaara, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Ẹni tí ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò sì gbọdọ̀ torí ìrìn pa á tì.

Ohun kan kù tí agbára ẹnì kan kò ká. A kò lè ní kí ìyá àgbà máa rìn nígbà tí gọ́tà la ẹnu sílẹ̀, tí ọjà kún ojú ọ̀nà, tí òjò sì sọ àdúgbò di ẹrẹ̀. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ onílé ní Àjàǹgbàdì, Ìbà àti Ọ̀jọ́, kí rélùwéè tó dé ni kí ẹ ti lọ bá àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa. Ẹ ní kí wọ́n bo gọ́tà, kí wọ́n tan iná sí ọ̀nà tí ó lọ sí ibùdókọ̀, kí wọ́n sì ya ọ̀nà sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ fa àtẹ yín sẹ́yìn díẹ̀; oníbàárà yín ni yóò rí ọ̀nà kọjá.

Ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ẹ̀yin tí ilé yín kò jìnnà sí ibùdókọ̀, bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, ẹ jẹ́ kí ọlọ́kadà máa lọ. Ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ín.