Ilé àfọkọ̀fà akẹ́rù alùpùpù

Ilé àfọkọ̀fà akẹ́rù alùpùpù jẹ́ ilé kékeré onítáyà tí ọkọ̀ ń fà, tí ènìyàn lè sùn sí, tó sì ní àyè fún alùpùpù eré ìje orí erùpẹ̀. Toy hauler ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà.

Ìwúwo ni ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ yan ọ̀kan gbọ́dọ̀ wò. Bí ilé náà bá jẹ́ kìlógíráàmù 1,000 lófìfo, tí òpin ìwúwo rẹ̀ sì jẹ́ 1,500, ẹrù 500 péré ni ó lè gbà. Alùpùpù méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 110 yóò gba 220, omi lítà 100 yóò gba 100. 180 ni yóò ṣẹ́kù fún oúnjẹ, aṣọ àti gáàsì. Ọkọ̀ tí yóò fà á gbọ́dọ̀ lágbára tó 1,500, kì í ṣe 1,000.

Ibi tí ẹrù wà náà ṣe pàtàkì. Ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo náà ni ó yẹ kí ó tẹ ìkọ́ ọkọ̀. Bí alùpùpù bá wà lẹ́yìn táyà jù, ìkọ́ yóò fúyẹ́, ilé náà yóò máa fì síhìn-ín sọ́hùn-ún lórí eré, ó sì lè dojú dé.

Nítorí èéfín bẹntiróòlù, ó yẹ kí a gbé alùpùpù síta kí a tó sùn.