Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Abà Olókùúta Kansas Lórí Pátákó Agbẹ́gi

Ní agbègbè Flint Hills ní ìpínlẹ̀ Kansas, ní Amẹ́ríkà, àpáta kò jìnnà sí ojú ilẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbẹ̀ kò fi lè túlẹ̀ ibẹ̀, tí koríko gíga sì ṣẹ́ kù fún màlúù. Òkúta ẹfun ibẹ̀ náà ni Stephen F. Jones fi kọ́ abà alájà mẹ́ta sí oko ẹran ọ̀sìn rẹ̀, Spring Hill, ní nǹkan bí ọdún 1882.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ bá àwòrán àfigitẹ̀ mu gan-an, ìyẹn ọnà tí Herschel Logan, ọmọ ẹgbẹ́ Prairie Print Makers tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Lindsborg lọ́dún 1930, fi ṣàfihàn Kansas. Oníṣẹ́ ọnà a máa gbẹ́ ibi tó bá fẹ́ kó funfun kúrò lára pátákó, a fi tàdáwà kun ibi tó yọrí, a sì tẹ bébà lé e, débi pé ilẹ̀kùn tó wà lọ́tùn-ún lára pátákó yóò bọ́ sí òsì lórí bébà. Fún ògiri, ìlà funfun tín-ín-rín láàárín òkúta kan sí èkejì ti tó; ojú ọ̀run ló le jù, nítorí ó fẹ̀ lọ salalu, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí igi tí yóò dí i.