Ìnira àti Ẹni tí Ó Ní Agbára Lórí Rẹ̀

Bí ènìyàn méjì bá ru ẹrù tí ó wúwo bákan náà, tí a sì sọ fún ọ̀kan pé ó lè sọ ọ́ kalẹ̀ nígbàkígbà tí ó bá wù ú, ṣùgbọ́n tí a kò fún èkejì ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ọrùn ta ni yóò kọ́kọ́ wọ̀? Ẹrù kò yàtọ̀; ọkàn àwọn tí ó rù ú ni ó yàtọ̀.

Àwọn amòye méjì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, David Glass àti Jerome Singer, dán irú ọ̀ràn yìí wò, wọ́n sì tẹ ìwé jáde nípa rẹ̀ ní ọdún 1972. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ṣe nínú yàrá, wọ́n sì ń jẹ́ kí ariwo ńlá máa bú lójijì, láìsí ẹni tí ó mọ ìgbà tí yóò tún dé. Wọ́n fi bọ́tìnnì kan han àwọn kan, wọ́n ní bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ariwo yóò dákẹ́, ṣùgbọ́n ó sàn kí wọn má tẹ̀ ẹ́. Wọn kò fún àwọn yòókù ní nǹkan kan. Ẹ kíyèsí i: ọ̀pọ̀ jùlọ àwọn tí ó ní bọ́tìnnì kò tẹ̀ ẹ́ rárá, ariwo kan náà ni gbogbo wọn sì gbọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ariwo parí, tí a gbé iṣẹ́ tí ó ṣòro ka iwájú wọn, àwọn wọ̀nyí ni ó tẹra mọ́ ọn pẹ́ jù, tí ó sì rí àṣìṣe inú ìwé jù.

Ìdí rẹ̀ ni pé, bí ìnira bá dé, ara a máa múra fún ìjà tàbí sísá. Àyà a máa lù kì-kì. Bí ọkàn bá mọ̀ pé ọ̀nà àbáyọ wà, ara a tètè rọlẹ̀. Bí kò bá sí ọ̀nà, ara kò ní sinmi, a sì máa rẹ̀ ẹ́. Nínú ìwádìí tí a bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1985 láàrin 10,308 òṣìṣẹ́ ìjọba ní London, a rí i pé àrùn ọkàn pọ̀ jù lára àwọn tí kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ lórí iṣẹ́ ara wọn.

Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kọ́ kíláàsì, tí olùkọ́ wa jókòó lẹ́yìn, ṣọ́ọ̀kì bọ́ lọ́wọ́ mi nítorí gbígbọ̀n. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní kí n fúnra mi yan ẹ̀kọ́ tí n óò fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ kò dín, olùkọ́ kò sì kúrò lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dúró.

Ohun tí a ṣe fún mi yìí ni ó yẹ kí a ṣe fún àwọn ọmọ tí a óò kọ́. N kò wí pé kí ọmọ di olórí ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bẹ̀rù ìṣirò lè yan èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe, ẹni tí a pè sí ojú pátákó lè ní àyè láti wí pé, “Ẹ dúró díẹ̀, sà.” Kí àyè náà sì jẹ́ òtítọ́, nítorí ọmọ tí a tàn jẹ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbà wá gbọ́ mọ́. Bí a bá fún un ní àyè yìí, bóyá kò tilẹ̀ ní lò ó. Mímọ̀ pé ó wà yóò ti ràn án lọ́wọ́.