Ẹtù Ké, Ọ̀bọ Gbọ́: Kí Ló Fà Á?

Ká ní o pàtẹ ọjà sí Balógun, tí aláṣọ ẹ̀gbẹ́ ẹ pariwo, tó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ṣé àwọn tó ń lé oníṣòwò ojú títì ló dé ni, àbí kọ́sítọ́mà tó gbàgbé ṣéńjì ló ń sáré pè? Kó o tó palẹ̀ ẹrù mọ́, wàá kọ́kọ́ ro ohun tó fà á. Àwọn ọ̀bọ kan náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Nínú igbó Taï, ní Côte d'Ivoire, orí igi ni ọ̀bọ Diana ń gbé. Ilẹ̀ ni ẹtù ti ń jẹ̀ ní tiẹ̀. Tí ẹtù bá rí ẹkùn, á figbe ta. Tó bá rí èèyàn, igbe yẹn náà ni. Ọ̀bọ tó wà lókè kàn ń fetí gbọ́ ni, kò rí nǹkan kan.

Onímọ̀ kan, Klaus Zuberbühler, fi sípíkà dán wọn wò, ó sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2000. Tí àwọn ọ̀bọ bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn ẹkùn, tí igbe ẹtù wá tẹ̀ lé e, ariwo ni wọ́n sábà máa ń pa. Tó bá jẹ́ ohùn èèyàn ló ṣáájú, wọ́n sábà máa ń dákẹ́ ni.

Kí nìdí? Ẹkùn máa ń lúgọ ni. Tó bá ti mọ̀ pé àṣírí tú, á bá tiẹ̀ lọ. Ọdẹ ò rí bẹ́ẹ̀. Ariwo ọ̀bọ ló máa fi mọ ibi tó máa yìnbọn sí.

Ọ̀bọ Diana ti wà lára ẹranko tó lè parun, ọdẹ sì wà lára ohun tó fà á. Fún wọn, kí wọ́n mọ ìdí ariwo kì í ṣe ọgbọ́n àfiṣeré. Ẹ̀mí wọn ló wà níbẹ̀.